Ooru Tí Ojú Kò Rí: Bí A Ṣe Lè Ka Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Láti Orísun

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ lè ka orúkọ yín, ẹ lè ka lẹ́tà ọmọ yín, ẹ sì lè ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn. Iṣẹ́ kan ni ó kù: kí ẹ máa fi ìwé kíkà wá òtítọ́ fún ara yín, kí ó má jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíràn bá sọ ni ẹ óò máa gbé kiri. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìjà kan ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa ní Dọ̀pẹmu. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ṣe ọlọ́dẹ òru ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ìkẹjà ni ó dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ là mí lọ́yẹ. Lọ́sàn-án, oòrùn ń jó wa bí iná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù á mú mi débi pé súwẹ́tà méjì ni mò ń wọ̀. Àsìkò òjò wá ńkọ́? Oòrùn ò ràn tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nínú òógùn là ń sùn. Ibo ni ooru ọ̀sán ń sá lọ lóru ọyẹ́?"

Kí a tó dáhùn, wẹ́ńdà kan ní àwọn òyìnbó ni ó fi èéfín ba afẹ́fẹ́ jẹ́, pé ayé ń gbóná sí i. Ẹlòmíràn yọ fóònù jáde, ó ní kí a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ohùn náà ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àná òde yìí ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ kí aláwọ̀ dúdú má bàa ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ariwo ta. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, a sì ṣe àlàyé tí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé láti ọdún pípẹ́: pé afẹ́fẹ́ dà bí ilé tí a fi gíláàsì kọ́, ó ń dé ooru mọ́ inú bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò.

Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní ọjà wò wá lójú, ó ní, "Tíṣà, ta ló wọ̀n ọ́n? Bí mo bá ní kóńgò mi pé, mo máa ń wọ̀n ọ́n lójú oníbàárà ni."

A kò rí èsì kankan fọ̀. A ní ilẹ̀ ti ṣú, ká lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan yìí, a kò sì ka ìwé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ rí. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. A wá pinnu pé a óò lọ ka ìwé àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín.

OORU TÍ Ó Ń TÀN

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá ki ṣíbí irin bọ inú ọbẹ̀ tí ń hó, ọwọ́ ṣíbí náà yóò gbóná. Ooru gba ara irin dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá gbé omi ka iná, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò gbóná, yóò gòkè, èyí tí ó tutù yóò sì sọ̀kalẹ̀. Omi ni ó gbé ooru náà rìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń sun àgbàdo. Ojú yín yóò gbóná, ẹ̀yìn yín kò ní gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ ń lọ sókè ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni ó ń bọ̀. Bí ẹnìkan bá fi páálí sí àárín ẹ̀yin àti iná, ooru náà yóò dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ooru yìí ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn. Ìtànṣán ooru ni a óò máa pè é.

Kì í ṣe iná nìkan ni ó ń tú u jáde. Ògiri, ilẹ̀, páànù orí ilé, àti ara ènìyàn pàápàá, gbogbo wọn ń tú u jáde tọ̀sán-tòru. Ti oòrùn pọ̀ nínú rẹ̀ tí ojú lè rí. Ti ilẹ̀ kò ṣeé fojú rí rárá. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ pe irú èyí ní ooru òkùnkùn. Ẹ rántí orúkọ yìí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

ÌRÌ ORÍ DÁNFÓ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ẹ wo dánfó tí ó sùn ní gbangba. Òrùlé rẹ̀ yóò tutù fún ìrì. Èyí tí ó sùn sábẹ́ afárá yóò gbẹ. Kí ló dé? Òrùlé tí ó wà ní gbangba ń tú ooru rẹ̀ sí ojú ọ̀run, ohun tí ó ń padà bọ̀ wá bá a kò tó èyí tí ó ń lọ. Ó wá tutù títí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ fi di omi sí i lára, gẹ́gẹ́ bí ìgò ọtí tútù ṣe ń làágùn. Èyí tí ó wà lábẹ́ afárá ń rí ooru gbà padà lára afárá náà.

Dókítà kan, William Charles Wells, tẹ ìwé jáde lórí ìrì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1814. Ó gbé pátákó lé orí òpó kékeré mẹ́rin nínú ọgbà. Ó fi irun àgùntàn díẹ̀ sí orí pátákó, ó fi ìwọ̀n kan náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó wọ̀n wọ́n, èyí tí ó wà lókè ti gba ìrì ju ti ìsàlẹ̀ lọ dáadáa. Ó tún fi tẹmọ́mítà hàn pé ohun tí ìrì ń sẹ̀ sí ti kọ́kọ́ tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Nígbà tí a ka èyí ní kíláàsì, ìyá elélùbọ́ mi orí, ó ní, "Ẹni yìí mọ òṣùwọ̀n lò."

ÀṢÌṢE WA

Ẹni tí gbogbo ìwé iléèwé máa ń dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ ilé gíláàsì ni Joseph Fourier, ará Faransé. Ní ọdún 1824 ni ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: oòrùn ń fún ayé ní ooru lójoojúmọ́, ayé sì ń tú u dànù sí òfuurufú, kí ni ó ń pinnu bí ayé ṣe gbóná tó? Ó ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń rí ọ̀nà wọlé gba inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ooru òkùnkùn, jíjáde a máa ṣòro fún un.

Fourier mẹ́nu ba àpótí kan tí Horace de Saussure ṣe, tí ó ní gíláàsì lójú, tí inú rẹ̀ sì ń gbóná nínú oòrùn. Ibí yìí ni ìtìjú ti bá wa. Fourier kò sọ pé afẹ́fẹ́ rí bí àpótí náà gan-an. Ohun tí ó sọ ni pé ì bá rí bẹ́ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá lè dì gbagidi, kí ó má sì pàdánù mímọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í dúró lójú kan, àti pé rírìn rẹ̀ ń gbé ooru kiri. Mọ́tò tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nínú oòrùn ń gbóná ní pàtàkì nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọrí kankan lórí ayé. Àwa ni a fi ọmọrí dé e ní kíláàsì wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a dúró níwájú kíláàsì, a ní, "Ẹ forí jì wá, ohun tí a kọ́ yín níjọ́sí kò tọ́." Ẹ̀rù bà wá pé wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún wa mọ́. Ọlọ́dẹ yẹn ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Síbẹ̀, ẹ má sọ ìwé àtijọ́ di òrìṣà. Fourier náà ṣe àṣìṣe. Ó rò pé òtútù òfuurufú kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìpẹ̀kun ayé lọ. Lónìí a mọ̀ pé ó tó nǹkan bí dígírì 270 ti Celsius nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tí ó bá ka ìwé láti orísun yóò rí ọgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́, yóò sì rí ibi tí ó ti kọsẹ̀.

OBÌNRIN KAN ÀTI ÌGÒ MÉJÌ

Ìwé tí kíláàsì wa fẹ́ràn jù kò ju ojú ewé méjì lọ. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1856. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ó wà ní iléèwé gíga, ni ó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì láti orí fóònù, a sì jọ ń sọ ọ́ di Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Foote mú ìgò gíláàsì gígùn méjì, ó ki tẹmọ́mítà bọ̀ wọ́n nínú, ó gbé wọn sínú oòrùn. Ó dán afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ra wò pẹ̀lú èyí tí a fà jáde díẹ̀. Ó dán afẹ́fẹ́ tútù wò pẹ̀lú èyí tí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ó dán gáàsì oríṣiríṣi wò. Afẹ́fẹ́ lásán gbóná dé dígírì 106 ti Fahrenheit. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, èyíinì ni gáàsì tí a ń mí jáde tí iná sì ń tú sílẹ̀, gbóná dé 125. Nígbà tí ó gbé e kúrò nínú oòrùn, ó pẹ́ gan-an kí ó tó tutù. Ó wá sọ pé bí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ayé, ayé yóò gbóná jù báyìí lọ.

Nígbà tí wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ní ìlú Albany ní oṣù kẹjọ ọdún 1856, ọkùnrin kan, Joseph Henry, ni ó bá a kà á. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìgbàgbé. Ó di ọdún 2011 kí ẹnìkan tó rí i nínú ìwé àtijọ́, kí ó sì gbé e sí gbangba. Ẹ wò ó bí kíkà láti orísun ṣe lè dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ó ní ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Oòrùn ni ó fi ṣe iná rẹ̀. Kò ya ooru oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ooru òkùnkùn tí ilẹ̀ ń tú jáde. Ẹlòmíràn ni ó ṣe ìyẹn.

ÒṢÙWỌ̀N TYNDALL

John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù karùn-ún ọdún 1859. Ó mú ọ̀pá idẹ gígùn kan tí ihò wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fi gíláàsì dí ẹnu rẹ̀, gíláàsì yóò dá ooru òkùnkùn dúró. Nítorí náà iyọ̀ òkúta tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí ó mọ́ bíi dígí, ni ó fi dí i, nítorí ooru òkùnkùn ń gba inú iyọ̀ kọjá. Ó gbé agolo omi híhó sí apá kan. Ó gbé irinṣẹ́ tí ń sọ ooru di iná mànàmáná kékeré sí apá kejì, tí abẹ́rẹ́ kan sì ń fi í hàn. Ó wá gbé agolo omi híhó mìíràn sí ẹ̀yìn irinṣẹ́ náà, títí ooru ọ̀tún àti ti òsì fi dọ́gba, bí ìgbà tí òṣùwọ̀n alápá méjì dúró gbọọrọ. Bí gáàsì tí ó dà sínú ọ̀pá bá gba ooru díẹ̀ mọ́ra, abẹ́rẹ́ yóò yà.

Èsì rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ọ́ksíjìn àti náítrójìn, tí ó kún inú afẹ́fẹ́ wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dí ooru òkùnkùn lọ́nà rárá. Ọ̀rinrin, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, àti àwọn gáàsì díẹ̀ mìíràn, tí kò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ni ó ń gbà á mọ́ra. Ohun tí ó bá sì gba ooru mọ́ra yóò tún tú u jáde, yóò dá díẹ̀ padà sí ilẹ̀. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti ọdún 1861 ni ó kó ìwọ̀n wọ̀nyí jọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọmọrí. Bí afárá orí dánfó ni.

Nígbà tí Tyndall ń wá àpẹẹrẹ, ilẹ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò jìnnà sí ohun tí ó mú. Ó mẹ́nu ba aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí ọ̀sán ń jó bí iná tí òru sì ń tutù nini, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Láti aṣálẹ̀ yẹn náà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Ọlọ́dẹ wa, ẹ gba èsì yín: ní òru ọyẹ́, ọ̀rinrin kò tó láti gba ooru ilẹ̀ mọ́ra, ìkùukùu kò sì sí, ooru ọ̀sán ń fò lọ sí òfuurufú. Ní àsìkò òjò, ọ̀rinrin àti ìkùukùu ń dá a padà sí wa lára. Aṣọ ìbora ayé nìyẹn.

LÁTI ÌGBÀ NÁÀ TÍTÍ DI ÒNÍ

Ní ọdún 1896, Svante Arrhenius ti ilẹ̀ Sweden jókòó ti ìṣirò ọlọ́wọ́ fún oṣù púpọ̀. Ó ní bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì bá di ìlọ́po méjì, ayé yóò fi nǹkan bí dígírì 5 tàbí 6 ti Celsius gbóná sí i. Ìṣirò òde òní sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó wà láàrin 2.5 àti 4. Ní ọdún 1938, Guy Callendar kó ìwọ̀n ooru láti ọ̀pọ̀ ibùdó jọ, ó ní ayé ti ń gbóná nítorí èédú tí a ń jó. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìdí bọ́ílà, ẹ gbọ́: onímọ̀ ẹ̀rọ nya ni Callendar, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ojú ọjọ́.

Ní ọdún 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì náà lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni ó jẹ́. Ní ọdún 2024 ó ti lé ní 420. Wọn kò dáwọ́ wíwọ̀n náà dúró.

Ilẹ̀ wa náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ sí Kumasi ní Ghana, Ṣábẹ̀ ní Bènẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wo bí ìkùukùu ìsàlẹ̀ ṣe ń sú bo ilẹ̀ wa lóru lásìkò òjò, àti bí ó ṣe ń dí oòrùn lọ́nà lówùúrọ̀.

KÍ NI A WÁ SỌ FÚN OHÙN INÚ FÓÒNÙ?

Ẹni tí ó ní àná ni wọ́n hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò sọ òótọ́. Láti ọdún 1824 ni ìbéèrè rẹ̀ ti wà nínú ìwé, Tyndall sì ti wọ̀n ọ́n kí Nàìjíríà tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn tí ó wà nínú ohùn náà kì í ṣe asán. Ìpín tí gbogbo Áfíríkà ń kó nínú gáàsì yìí lọ́dọọdún kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni èyí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ sókè. Ẹni tí yóò bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó má fi irọ́ bèèrè rẹ̀, nítorí irọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀kọ́ náà wúlò nílé pẹ̀lú. Páànù tí oòrùn pa ń tú ooru òkùnkùn sí orí ẹni tí ó jókòó lábẹ́ rẹ̀. Síìlìn, bó tilẹ̀ jẹ́ ti pátákó fẹ́lẹ́, ń ṣe iṣẹ́ páálí tí a nà síwájú iná. Ọ̀dà funfun lórí páànù ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà kí ó tó di ooru. Wẹ́ńdà wa ti kun orí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé láti orísun, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ẹni yìí ṣe? Kí ni ó rí? Kí ni ó kàn rò? Ẹ má jẹ́ kí ìkẹta wọ aṣọ ìkejì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá le, ẹ pe ọmọ yín. Ọmọ yóò ka ọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti dáná tí ẹ sì ti wọn èlùbọ́ yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ìrì kì í sẹ̀ sí orí mọ́tò tí ó sùn sábẹ́ afárá?
2. Kí ni Fourier sọ nípa àpótí gíláàsì tí olùkọ́ kò sọ?
3. Dígírì mélòó ni gáàsì Foote fi gbóná ju afẹ́fẹ́ lásán lọ?
4. Kí ló dé tí Tyndall fi iyọ̀ òkúta dí ẹnu ọ̀pá rẹ̀, tí kò lo gíláàsì?
5. Ẹ gbé àwo irin méjì síta ní alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ gbé ọ̀kan sábẹ́ tábìlì, kí èkejì wà ní gbangba. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n ní ìdájí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.